Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Pápá Ìdènà: Bí A Ṣe Ń Fi Kọ́ Ara ní Èkìtì

Láti ìgbà tí a ti ń fi táyà, okùn àti ìtì igi kọ́ àwọn eléré ìdárayá lórí pápá kan ní Adó-Èkìtì, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ ń bi mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo kó wọn jọ síbí, mo fi èyí tó rọrùn ṣáájú.

Kí ni ẹ ń pè ní pápá ìdènà gan-an?

Ọ̀nà eré ni, tí a to ohun ìdíwọ́ sí lójú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan: ògiri tí èèyàn máa gùn, kòtò tí yóò fò, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò rìn lórí rẹ̀, okùn tí yóò pọ́n, àwọ̀n tí yóò rá kọjá lábẹ́ rẹ̀, ẹrù tí yóò gbé láti ibì kan dé ibòmíràn. Láàárín ìdènà kan sí èkejì, eré sísá ni. Ẹni tó bá ti ṣe àgùnbánirọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn Man O' War ló sábà máa ń mú àwọn èèyàn gba orí rẹ̀ ní àgọ́ NYSC.

Kò sí ìwọ̀n kan tí gbogbo ayé fẹnu kò sí. Nínú ìdíje àwọn ológun àgbáyé, 500 mítà ni ọ̀nà náà, ìdènà 20 ló sì wà lórí rẹ̀ fún ọkùnrin. Tiwa kò ju 120 mítà lọ, ìdènà 9 péré ló ní, òógùn tó ń mú jáde lára kò sì kéré.

Ta ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́?

Ó pẹ́ tí àwọn ológun ti ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó fún un ní ètò tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni Georges Hébert, ọ̀gá kan láàárín àwọn ológun ojú omi ilẹ̀ Faransé. Ní 1902, nígbà tí òkè Pelée bú gbàmù ní erékùṣù Martinique tó sì pa ìlú Saint-Pierre run, ó wà lára àwọn tó kó èèyàn sá àsálà. Lẹ́yìn náà ló ń wàásù pé agbára tí èèyàn kò lè fi ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ kò tíì pé. Ó wá kọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ohun mẹ́wàá: rírìn, sísáré, fífò, rírá, gígùn, dídúró lórí ohun tẹ́ẹ́rẹ́, jíju nǹkan, gbígbé ẹrù, gbígba ara ẹni lọ́wọ́ ọ̀tá, àti lílúwẹ̀ẹ́.

Ẹ wo mẹ́wàá yẹn dáadáa. Ọmọ tó dàgbà sí oko ní Èkìtì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kó tó pé ọdún 12, láìsí ẹni tó pè é ní ẹ̀kọ́.

Mo ń sáré láràárọ̀, mo sì ń lọ gíímù. Kí ni èyí fẹ́ fi kún un?

Ẹni tó ń sáré láti Fájuyì dé Ajílósùn láràárọ̀ ti ṣe ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lóore. Ẹni tó ń gbé irin ti ṣe iṣan rẹ̀ lóore. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré, ìgbésẹ̀ kan náà ló ń gbé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ gíímù ló sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń darí èèyàn. Lórí pápá ìdènà, àyà ti ń lù kì-kì-kì kí ẹ tó di okùn mú. Ọwọ́ ti ń gbọ̀n kí ẹ tó gun orí igi tẹ́ẹ́rẹ́. Orúnkún ti rẹ̀ kí ẹ tó fo kòtò. Agbára, èémí, ìyára, ìdìmú ọwọ́ àti ìfọkànbalẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú bọ́ọ̀lù, nínú ìjàkadì àti nínú iṣẹ́ oko.

Mi ò ní kí ẹ pa méjèèjì tì. Ẹni tó fẹ́ di aláré 100 mítà gbọ́dọ̀ sá 100 mítà. Pápá ìdènà kò lè bá a sá a.

Eléré wo ló wúlò fún jù?

Agbábọ́ọ̀lù, oníjàkadì, ẹni tó ń fo ìdènà lórí pápá eré sísá. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fo ìdènà 10 láàárín 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù keje 2022, kò sì sí obìnrin tó sá a bẹ́ẹ̀ rí kó tó dìgbà yẹn. Ìdènà kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 83.8. Eré 3000 mítà onídènà tún wà, níbi tí aláré ti ń fo igi ní ìgbà 28 àti omi ní ìgbà 7.

Fún àwọn tó ń béèrè bóyá ó ti wọ Òlíńpíìkì: bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn Paris 2024 ni wọ́n yọ ẹṣin gígùn kúrò nínú eré alápá márùn-ún (modern pentathlon), pápá ìdènà ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀ fún Los Angeles 2028.

Mi ò ṣe eré ìdárayá rí. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀?

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí ògiri. Ẹ fún ara yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ máa rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ máa lósòó kí ẹ sì dìde, mẹ́wàá-mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wá igi tàbí irin tó dúró gbọn-in, kí ẹ so rọ̀ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 lákọ̀ọ́kọ́, títí yóò fi di 30. Ẹ máa rá lórí koríko pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì, kí ìdí má ga.

Ẹni tó bá lè so rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, tó lè lósòó ní ìgbà 20 láìdi orúnkún mú, tó sì lè máa sọ̀rọ̀ nígbà tó ń sáré jẹ́jẹ́ ti ṣe tán.

Ṣé ó pọn dandan kí n rí dókítà?

Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìṣòro ọkàn, ikọ́ ẹ̀fée, orúnkún tàbí ẹ̀yìn tó ti ń dùn yín tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rí i. Bí àyà bá ń dùn yín nígbà tí ẹ ń gun òkè, ẹ má wá sórí pápá rárá títí dókítà yóò fi wò yín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí, torí ọ̀pọ̀ òbí kì í sọ ọ́. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó jẹ́ AS lè ṣe é bí àwọn yòókù, àmọ́ kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó máa sinmi láàárín, kí agbára rẹ̀ sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. AS tí wọ́n ń lé ní àléèsinmi nínú ooru ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lè ṣubú lulẹ̀, ó sì lè ṣòro láti gbé e dìde. Kí kóòṣì mọ̀ kí ọmọ tó wọ pápá.

Báwo la ṣe lè kọ́ ọ láìná owó rẹpẹtẹ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ fọkanáísà. Táyà tí wáyà rẹ̀ kò tíì yọ síta ni kí ẹ mú; èyí tí wáyà rẹ̀ ti yọ máa ń ya awọ ọwọ́ bí abẹ. Ẹ ri táyà náà dé ìdajì sínú ilẹ̀ kí ó dúró, tàbí kí ẹ tò wọ́n sílẹ̀ ní ìlà méjì fún ẹsẹ̀ títẹ̀. Ẹ lu ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí omi òjò má dúró nínú rẹ̀, torí inú táyà tó gba omi ni ẹ̀fọn ń pamọ sí. Àkekèé náà fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ máa fi igi yẹ inú rẹ̀ wò kí ọmọ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Igi tíìkì dára fún òpó, ó sì pọ̀ ní agbègbè wa. Bí òpó bá fẹ́ ga ní mítà 3, kí mítà kan ó kéré tán wà nínú ilẹ̀, kí ẹ sì fi òkúta àti kọnkéré dì í. Ikán kò mọ̀ pé eré ìdárayá ni ẹ ń ṣe. Ẹ fi ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì yọ kúrò nínú ọkọ̀ kun apá tó máa wọlẹ̀, kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó rì í. Okùn tí a máa gùn gbọ́dọ̀ nípọn tó kí ọwọ́ lè dì í mú, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ yóò gé ọwọ́ ni.

Fún ẹrù, kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tó kún fún omi jẹ́ nǹkan bíi kìlógíráàmù 25, ẹ sì lè dín in kù bí ẹ bá ṣe fẹ́. Àpò sìmẹ́ǹtì tí ẹ fi yanrìn kún máa ń ya. Ẹ fi àpò ìrẹsì bò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Irú ilẹ̀ wo ló yẹ ká lò?

Ilẹ̀ pupa Èkìtì máa ń le bí sìmẹ́ǹtì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì máa ń yọ̀ bí ọṣẹ lẹ́yìn òjò. Níbi púpọ̀, ẹ ò ní gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí ọkọ́ tó kan àpáta. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ihò wò ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó yan ojú òpó.

Lábẹ́ gbogbo ohun tó ga ju ìbàdí lọ, ẹ kó ilẹ̀ kúrò kí ẹ da yanrìn sí i, kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Eruku pákó tí àwọn tó ń la pákó ń dà nù náà dára bí ẹ bá dà á mọ́ yanrìn. Ẹ máa fi ọkọ́ tú u ní òwúrọ̀ gbogbo ọjọ́ tí ẹ máa lò ó. Yanrìn tí èèyàn ti tẹ̀ fún oṣù kan láìtú, ilẹ̀ lásán ló tún padà dà.

Báwo la ṣe ń to ìdènà tẹ̀ lé ara wọn?

Ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ tẹ̀ lé iṣẹ́ ọwọ́. Bí okùn bá parí, kí ohun tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ẹsẹ̀: táyà, kòtò, tàbí sísáré yípo òpó. Lẹ́yìn náà ẹ lè mú ọwọ́ padà. Fún ẹni tuntun, ẹ fi ohun tó ga sí ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lágbára. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ni a lè fi okùn dúró dè ní ìparí.

Tiwa rèé: táyà, ògiri kúkúrú, àwọ̀n, igi tẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ẹ̀gì méjì fún 20 mítà, ògiri gíga, irin tí a ń fi ọwọ́ fì kọjá, kòtò, okùn. Oṣooṣù la máa ń yí i po.

Kí ni ẹ máa ń kọ́ èèyàn ṣáájú ohun gbogbo?

Bíbalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn jà, torí gígùn ni gbogbo wọn fẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ẹsẹ̀ tí mo ti rí tó rọ́ lórí pápá, níbi tí ẹni náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ ló ti rọ́, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé ó ti parí. Bí èèyàn bá fò láti ibi gíga, ìwúwo tó ń dé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po. Bí orúnkún bá nà gbọnrangandan, egungun àti oríkèé ló máa gbà á. Bí orúnkún bá ká, iṣan ló máa gbà á, iṣan sì mọ bí a ṣe ń gbà á.

Búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró lórí rẹ̀, ẹ má fò sókè, ẹ kàn sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ pọ̀, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ kọ́kọ́, kí gìgísẹ̀ wá tẹ̀ lé e. Kí ìdí lọ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí. Kí orúnkún má gbá ara wọn. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ tó nà tán. Mo máa ń di ojú mi, mo kàn ń tẹ́tí sí ìró ẹsẹ̀ ni. Bó bá dún gbì, kò tíì yé e. Bó bá dún bí ìgbà tí aṣọ bọ́ sílẹ̀, mo fi búlọ́ọ̀kù kejì kún un.

Mo mọ̀ ọ́n lára. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ń ṣe é, mo gun ògiri kan ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan, inú mi dùn pé mo ti dé òkè, mo sì fò sílẹ̀ láìwo ibi tí ẹsẹ̀ máa bà. Òkúta kan tí kò tó ẹ̀kúnwọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi tiro. Láti ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ni mo ń ṣa òkúta abẹ́ ògiri, mi ò ní kí ọmọ kankan bá mi ṣà á.

Okùn máa ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wo adẹ́mu lórí ọ̀pẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti igbà ló ń gbé e. Ọwọ́ kàn ń darí ni. Èèyàn tó ń fi ọwọ́ nìkan gun okùn yóò dé ìdajì, yóò sì dúró.

Ẹ jẹ́ kí okùn gba ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ó gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá, kí ẹsẹ̀ òsì gbé e sókè kí ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Okùn ti há nìyẹn. Ẹ nà dúró lórí rẹ̀ bí ẹni tó dìde lórí àga, ẹ gbé ọwọ́ lọ sókè, ẹ fa orúnkún sí àyà, ẹ tún há a. Ẹ dúró sórí ilẹ̀ kí ẹ fi ọjọ́ méjì kọ́ híhá nìkan kí ẹ tó gùn. Bí ẹ bá ń bọ̀ nílẹ̀, ẹ máa fi ọwọ́ kan tẹ̀ lé ọwọ́ kan. Ẹni tó bá yọ̀ wálẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò jó, yóò sì léròrò, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló máa fi jókòó sílé.

Orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ńkọ́?

Ẹ má wo ẹsẹ̀. Ẹ wo ìparí igi náà, kí ẹ tẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ síta, kí orúnkún rọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ẹ fẹ́ ṣubú, ẹ lósòó. Bí ara bá ti súnmọ́ igi, ìṣubú kò lágbára mọ́. Igi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí ilẹ̀ ti tó fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ògiri ga jù mí lọ, mi ò sì lágbára ọwọ́.

Ẹsẹ̀ ló ń gun ògiri. Ẹ sáré bọ̀, ẹ má dín eré kù bí ẹ ṣe ń súnmọ́ ọn, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé ògiri níbi tó bá ìbàdí mu, kí ẹ sì ti ara yín lọ sókè. Ọ̀pọ̀ ló ń ti ògiri fúnra rẹ̀, ìyẹn ló ń dá wọn padà sẹ́yìn. Bí ọwọ́ méjèèjì bá ti kan orí ògiri, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ kan kọ́ ọ, lẹ́yìn náà gìgísẹ̀, kí ìbàdí wá yí kọjá.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ má fò. Ẹ yí padà kojú ògiri, ẹ di orí rẹ̀ mú, ẹ na ara sílẹ̀ títí apá yóò fi nà tán, kí ẹ tó jù ú sílẹ̀. Ògiri mítà 2.5 tí ẹni tó ga níwọ̀n ṣe bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò ku ohun tó ju bí orúnkún ṣe ga lọ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ilẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, báwo ni ọjọ́ kan sì ṣe ń lọ?

Ẹ̀ẹ̀mejì tó, kí wákàtí 48 ó kéré tán wà láàárín wọn. Awọ ọwọ́ àti iṣan tó so ẹran mọ́ egungun kì í tètè le bí ẹran ara ṣe ń le, àwọn náà ló sì máa ń sanwó bí a bá kánjú.

A máa ń fi ìṣẹ́jú 15 gbé ara gbóná: rírìn, sísáré jẹ́jẹ́, rírá, lílósòó, bíbalẹ̀ mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú 20 fún ẹ̀kọ́ ìdènà kan ṣoṣo, nígbà tí kò tíì rẹ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà yípo mẹ́ta, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín. Bí mo bá rí i pé ìró ẹsẹ̀ ti padà sí gbì, ọjọ́ náà ti parí, kódà bó bá ṣẹ́ ku yípo kan.

Ìgbà wo ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀ sí í fi aago wò ó?

Nígbà tí ẹni náà bá ti lè parí gbogbo yípo náà ní ìgbà mẹ́fà láìkọsẹ̀. Bí aago bá tètè wọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn ọmọ yóò máa fo láti orí ògiri kí wọ́n lè jèrè ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá balẹ̀ pẹ̀lú ariwo, ìṣẹ́jú-àáyá 5 la fi ń kún tirẹ̀. Ìyẹn ló tún gbogbo nǹkan ṣe.

Wọ́n ní ó máa ń ba ilé ọmọ jẹ́ fún obìnrin. Ṣé òótọ́ ni?

Kì í ṣe òótọ́. Iṣan àti okùn ara ló di ilé ọmọ mú nínú ìbàdí. Fífò àti gígùn kì í yí i padà lára ọmọbìnrin tí ara rẹ̀ dá. Àwọn ìyá wa tó ń gbé igi ìdáná sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tún bímọ. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ọmọbìnrin tó lè borí gbogbo ọkùnrin tó wà lórí pápá, tí ọ̀rọ̀ yìí sì lé e padà sílé.

Ohun tó yẹ ká ṣọ́ nìwọ̀nyí. Aboyún kò gbọ́dọ̀ gun ògiri tàbí okùn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ó dúró títí ilé ìwòsàn yóò fi ní kí ó máa bọ̀, kí ó sì fi rírìn àti gbígbé ẹrù kékeré bẹ̀rẹ̀. Bí ìtọ̀ bá ń já bọ́ nígbà tó ń fò, kí ó dá fífò dúró ná, kí ó sọ fún dókítà. Ohun tí wọ́n lè tọ́jú ni. Nǹkan oṣù kò dí eré lọ́wọ́ bí ara bá gbà á. Ẹni tó ń lo híjáàbù, kí ó ki etí rẹ̀ bọ inú ẹ̀wù kí okùn má bàa fà á.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè bẹ̀rẹ̀?

Láti ọdún 6, gẹ́gẹ́ bí eré: táyà, rírá, igi tó wà nítòsí ilẹ̀. Kó má sí aago, kó má sí ẹrù. Kí ohun tí ọmọ ń gùn má ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ títí di ọdún 10 tàbí 11. Ọmọ tó ń ga lójijì, bíi láàárín ọdún 11 sí 15, tó ń sọ pé orúnkún tàbí gìgísẹ̀ ń dun òun, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Egungun rẹ̀ ń dàgbà. Ẹ dín fífò rẹ̀ kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Mo ti lé ní 50 ọdún.

Ẹ káàbọ̀, bàbá, ìyá. Kẹ́ẹ̀gì gbígbé, igi tẹ́ẹ́rẹ́, rírá àti ògiri tó mọ ní ìbàdí dára fún yín gan-an, torí ìṣubú ni ọ̀tá àgbà, ìwọ̀nyí sì ń kọ́ ẹsẹ̀ láti dúró. Ẹ fi kòtò àti irin fífì sílẹ̀ títí dí ìgbà tí ara bá gbà á.

Kí ni ká jẹ kí a tó wá?

Iyán kọ́. Mo mọ ibi tí mo wà tí mo fi ń sọ ọ́. Ẹ fi iyán sí ẹ̀yìn eré, ó dára nígbà náà. Wákàtí méjì ṣáájú, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì ti tó, pẹ̀lú omi.

Báwo la ṣe ń ṣe é nígbà ooru, òjò àti ọyẹ́?

Aago 6:30 sí 8:30 àárọ̀, tàbí lẹ́yìn 4:30 ìrọ̀lẹ́. Bí ọmọ bá ń ṣe ràndánràndán nínú oòrùn, tó ń sọ̀rọ̀ tí kò já gaara, tàbí tó fẹ́ dákú, ẹ gbé e sí abẹ́ ibòòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ ti ń ṣe é lọ. Ẹ má fi omi sí ẹni tí ojú rẹ̀ kò dá lẹ́nu.

Bí òjò bá rọ̀ ní alẹ́, ògiri, okùn àti igi di èèwọ̀ títí wọn yóò fi gbẹ. Ọjọ́ kẹ́ẹ̀gì àti rírá nìyẹn. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń pọ̀, àwọn oníkọ́ ẹ̀fée ni kí ẹ ṣọ́.

Òkè yí wa ká. Ṣé a ò lè lo òkè fúnra rẹ̀?

Òkìtì ni wọ́n ní orúkọ Èkìtì ti wá, ẹ̀bùn ńlá sì ni. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Òkèmẹ̀sí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè fúnra rẹ̀ tó ìdènà. Ẹ sáré gòkè, ẹ rìn sọ̀. Bíbọ̀ nílẹ̀ ló ń fa ìrora itan ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn òjò, nǹkan tútù tó ń hù lára àpáta máa ń yọ̀, pàápàá ní ẹ̀bá omi bíi Àríǹta ní Ìpólé-Ìlórò. Ẹ má sáré níbẹ̀.

Òkè Olósùnta ní Ìkéré yàtọ̀. Òrìṣà ni fún àwọn onílẹ̀, wọ́n sì ń bọ ọ́ lọ́dọọdún. Ẹ má gùn ún láìgbàṣẹ. Bí ẹ bá fẹ́ ojú pápá tó tẹ́jú, ẹ lọ béèrè ní Pápá Ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé ní Adó, tí wọ́n fi sọrí ọmọ Èkìtì tó wà lára àwọn mẹ́rin tó gba fàdákà 4×100 mítà ní Barcelona ní 1992.

Ẹsẹ̀ rọ́. Ṣé ká fà á?

Ẹ má fà á, ẹ má fi omi gbígbóná tàbí òróró gbígbóná ra á ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ gbé e ga, ẹ fi aṣọ wé yìnyín lé e fún ìṣẹ́jú 15, ẹ wé e níwọ̀nba. Bí ẹni náà kò bá lè gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin, bí eegun fúnra rẹ̀ bá ń dùn bí a ti tẹ̀ ẹ́, tàbí bí ẹsẹ̀ bá wọ́, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò eegun ló kàn, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Eegun tó ti sán tí a wá fà lè pínyà.

Ó ti mọ́ wa lára, kò le mọ́.

Ẹ má sáré fi gíga kún un. Ẹ kọ́kọ́ yí ìtò padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ so èèyàn méjì pọ̀, kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kan gba gbogbo ọ̀nà. Ẹ dín ìsinmi kù láti ìṣẹ́jú mẹ́ta sí méjì. Gíga ni kí ó kẹ́yìn, sẹ̀ǹtímítà 10 lẹ́ẹ̀kan.

Ẹrẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn nítorí fọ́tò, ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹni tó ní egbò kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kí gbogbo ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ sì ti gba abẹ́rẹ́ tẹ̀tánọ́ọ̀sì.

Ọmọ kan gun orí ògiri, ẹ̀rù bà á, kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Kí ni kóòṣì máa ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu mọ́. Ẹ má pariwo "Fò!", nítorí bí ó bá fò nínú ìbẹ̀rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò nà gbọnrangandan. Ẹ gun òkè lọ bá a ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹnì kan sì dúró sí ìsàlẹ̀. Ẹ pè é ní orúkọ. Ẹ ní kí ó mí sínú, kí ó mí síta, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wá sọ ohun kan ṣoṣo fún un lẹ́ẹ̀kan: "Dojú kọ ògiri." Lẹ́yìn tó bá ṣe é: "Gbé ẹsẹ̀ òsì kọjá." Ẹni tó wà nísàlẹ̀ yóò di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, yóò fi hàn án ibi tí yóò gbé e sí.

Bó bá ti dé ilẹ̀, ẹ má ní kí ó tún un gùn lọ́jọ́ náà. Ẹ mú un padà sórí búlọ́ọ̀kù kan, kí ó balẹ̀ ní ìgbà márùn-ún, kí ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí ó tó lọ sílé.